Mo Mọ̀ Pé Àga Náà Ò Dáa, Mo Ní Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Rà Á

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo mọ bí ẹ ṣe máa ń bú àwọn tó bá wá tú ara wọn sílẹ̀ níbí. Ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Mi ò kàwé. Ẹnu ni mo fi ń jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ńlá, bẹ́ẹ̀dì ni o, fìríìjì ni o, kọ́bọ́ọ̀dù ni o, èmi ni wọ́n máa ní kí ẹ pè kí n bá yín ná an. Àǹtí Ẹ̀dínwó ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọlọ́jà á ti fajú ro kí n tó kí wọn.

Àwọn èèyàn rò pé ẹnu ni iṣẹ́ yẹn. Irọ́ ni, etí ni. Ọlọ́jà tó bá wúkọ́ kó tó dárúkọ owó, àyè ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó bá fi ìyá ẹ̀ búra, ẹ gé owó ẹ̀ sí méjì. Èyí tó bá ní "torí pé ẹ̀yin ni o," kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni ẹni tó bá ní "ẹ máa gbé e lọ" nígbà tí ẹ ò tíì ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ. Ọjà tó bá ń wu ẹni tó ni ín kó kúrò nílẹ̀, nǹkan kan ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, télọ̀ ni. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Abẹ́ màṣíìnì ẹ̀ ni mo sùn dàgbà. Ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí màṣíìnì yẹn lorin tí wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ọkọ ẹ̀ wa ọkọ̀ àjàgbé títí ẹ̀yìn fi dá a dúró. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga tó ti rọ̀ mọ́. Ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ n sòótọ́, ìfura ẹ̀ ju ti ológbò tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára rí lọ. Bí ẹ bá gbé omi fún un, á gbé ife sókè, á wo ìdí ẹ̀. Bí ẹ bá ní "ẹ káàárọ̀ sà," á ní "kí ló dé?"

Òun ló kó owó àga lé ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́.

"Èyí tó lágbára ni kí o rà o. Mi ò fẹ́ àlòkù, mi ò sì fẹ́ ọgbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Àbúrò mi ló máa bá mi ná an."

Ọkọ ẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyẹn gan-an ló ń kó mi láyà sókè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni nígbà yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ẹ-má-bínú la lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí kò ní fi "ẹ má bínú" ṣe ọ̀nà fún un. Àga wà níbẹ̀ kan àjà, wọ́n fi ọ̀rá wé wọn bí òkú. Òórùn gọ́ọ̀mù àti fóòmù tuntun gba gbogbo ibẹ̀. Àga gígùn kan wà láàárín, àwọ̀ kọfí, pẹ̀lú àga kékeré méjì tó bá a dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n mi kàn rí i, ojú ẹ̀ rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kó má fi hàn.

Mo dárúkọ iye tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìjà, kì í ṣe iye tí èèyàn fi ń ra ọjà. Mo ti múra sílẹ̀ kó bú mi.

Ọkùnrin náà wo àga, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ má bínú, ṣé owó wà lọ́wọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ máa gbé e lọ."

Ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ orí lé ìrọ̀rí àga náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó rọ̀. Aṣọ ara ẹ̀ tuntun, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣì ń ta nímú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gọ́ọ̀mù yẹn mo gbọ́ òórùn ilé: òróró, páúdà ọmọdé, ìpara àgbàlagbà.

Ọkùnrin náà ti rí imú mi. "Àǹtí Ẹ̀dínwó, ẹ má bínú, ẹ wá wo nǹkan kan lẹ́yìn níbí."

Lẹ́yìn òkìtì fóòmù, àga ẹnì kan ṣoṣo wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn ẹ̀ ga, igi apá ẹ̀ ń dán bí ojú dígí.

"Ẹ jókòó."

Mo jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, àga yẹn gbá mi mọ́ra. Nínú yàrá mi, bẹ́ńṣì kan àti àpótí oníke ni mo ní. Ẹni tó ń bá gbogbo ìlú ra àga, orí àpótí ló ti ń jẹun.

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ni, bí ọjà iwájú yẹn bá jáde."

"Ọjà yẹn, ṣé kò tíì dé ilé ẹnì kankan rí?"

"Ẹ má bínú, ìbéèrè ló ń ba ọjà jẹ́."

"Mo bi yín ni."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n dá a padà ni. Igi ìdí ẹ̀ kan ló là. A ti kàn án pọ̀, a ti wọ aṣọ fún un. Ta ló máa mọ̀?"

Èmi ti mọ̀. Ìdí mi ṣì wà lórí àga aláwọ̀ ewé yẹn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti iwájú.

"Ṣé ó dáa? Ìwọ lojú mi o!"

Mo dìde. Mo ní, "Ó dáa, Àǹtí mi. Ẹ sanwó."

Wọ́n gbé àga tèmi wá fún mi lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé tiwọn lọ. Mo sọ fún ará ilé tó bi mí pé oníbàárà kan ló ta mí lọ́rẹ. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá fi aṣọ bò ó. Bí fóònù bá dún, àga ni màá kọ́kọ́ wò kí n tó wo fóònù. Mo gba àga kí n lè jókòó, mi ò sì rí ìjókòó nínú ẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ. "Máa bọ̀."

Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ ẹ̀ wà nílẹ̀ gbalaja, ìrọ̀rí lábẹ́ ẹ̀yìn. Àga gígùn náà ti kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí. Ọkùnrin náà kàn jókòó kó wo ìròyìn ni, igi ìdí àga dún gbà, òun àtàga jọ lọlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá."

"Má pẹ̀lẹ́ mi. Èló lẹ ra àga yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ iye tó rà á.

"Irọ́! Mo fún ọ lówó àga tuntun. Igi jíjẹrà yìí ò lè tó ìdajì ẹ̀. Ibo ni ìyókù wà?"

"Dádì, ṣebí mo kó ṣẹ́ńjì lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà."

"Ṣẹ́ńjì tí o fẹ́ kí n rí nìyẹn."

Ẹ gbọ́, ọkùnrin yẹn máa ń fura sí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ni ìfura ẹ̀ máa ń bọ́ bàtà sí. Mi ò gbọ́ kó pe ìyàwó ẹ̀ lólè rí. Lọ́jọ́ yẹn, ìfura náà wọlé tòun ti bàtà.

A dojú àga náà dé kí a lè wo ohun tó ṣẹ́. Aṣọ abẹ́ ẹ̀ ya. Òòyà tí eyín ẹ̀ ti kán jábọ́. Ṣíbí kan jábọ́. Táyà mọ́tò ìṣeré jábọ́. Lẹ́yìn náà, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́. "Ọmọ ta ló ni èyí?"

Mo ní, "Bóyá ọmọ àlejò kan ni."

"Àlejò wo? Àwọn ọmọ tèmi ti ń fá irùngbọ̀n."

Ọkọ ẹ̀ pariwo láti ilẹ̀, "Àlòkù! Mo ní mi ò fẹ́ àlòkù, ó lọ rà á, ó sì gbé ìyókù owó pa mọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Sọ fún un. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Sọ fún un pé mi ò mọ̀."

"Bọ̀dá, ọlọ́jà yẹn ló... ló rẹ́ wa jẹ."

Ọkùnrin náà ń wò mí láti ilẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe máa ń wo ìdí ife.

A gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo ohun tó jábọ́ sínú ọ̀rá. Ẹ-má-bínú ò tiẹ̀ wo inú ẹ̀. Ó nawọ́ sí pátákó kan tó wà lórí ògiri: ỌJÀ TÍ A BÁ TI TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ. A KÌ Í DÁ OWÓ PADÀ.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ka ògiri."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mi ò rajà lọ́wọ́ ògiri."

"Ẹ má bínú, báwo ni ọkọ yín ṣe sanra tó?"

"Kí lẹ wí?"

"Àga ni mo tà fún yín, mi ò ta afárá."

"Ẹni tí wọ́n la ẹ̀yìn ẹ̀ wà nílẹ̀ gbalaja, ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ọkùnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Àǹtí Ẹ̀dínwó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ̀ ń rí ibi jókòó dáadáa?"

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi lápá. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká wá káfíńtà kó bá wa kàn án. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn jà."

Ó tẹ̀ lé mi jáde. Nígbà tí a dé ojú títì, ó dúró.

"Ìwọ tó gbé ìjà ko ẹlẹ́yin torí ẹyin kan tó sán. Òní ni ìwọ ń wá káfíńtà?"

"Mi ò fẹ́ wàhálà ni."

"Látìgbà wo?"

Ó ń lọ níwájú, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn, mo sì ń fi ojú wo ọrùn ẹ̀ bóyá ó ti mọ̀.

Oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi kan ló júwe ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó rajà tí wọ́n sì rẹ́ jẹ. Yàrá kékeré ni, fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí wa lára. Ọkùnrin kan gbé tẹlifíṣọ̀n lé itan bí ọmọ ọwọ́. Obìnrin kan ń bá áyọ́ọ̀nù ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mádàámù tó gbọ́ tiwa, ohùn ẹ̀ tutù. Ó ní, "Ohun tó kọ sára ògiri ò lè gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín. Bí ọjà bá ti lábùkù kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní láti tún un ṣe, tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀, tàbí kó dá owó padà. Àfi bó bá sọ àbùkù yẹn fún yín, tí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì rà á."

Etí mi gbé "àfi" yẹn. Iṣẹ́ etí mi nìyẹn.

"Ta ló bá yín lọ lọ́jọ́ tí ẹ rà á?"

"Àbúrò mi rèé, mà. Òun ló bá mi ná an."

"Ṣé ẹ máa jẹ́rìí?"

Mo wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yí orí wò mí díẹ̀díẹ̀. Ó ti bá mi rìn lọ́jà pẹ́. Ó mọ ohun tí mo máa ń sọ nípa ẹni tó bá wúkọ́.

Nígbà tí mo padà sílé lọ́jọ́ kejì, Ẹ-má-bínú ló jókòó sórí bẹ́ńṣì mi. Ọ́fíìsì yẹn ti ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ẹ sọ pé mo sọ fún yín, pé ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Pé ó mọ̀ pé àlòkù ni, owó pọ́ọ́kú ló fẹ́."

"Ọkọ ẹ̀ á lé e jáde."

"Wọn kì í torí àga lé ìyàwó."

"Ẹ ò mọ ọkọ yẹn."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ ara yín?" Ó fọwọ́ pa apá àga aláwọ̀ ewé náà. "Bí ẹ ò bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi á sọ nípa èyí. Gbogbo ayé á gbọ́ pé Àǹtí Ẹ̀dínwó ń jẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń rà, ó ń jẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà. Ta ló máa pè yín mọ́?"

Ó lọ. Mo jókòó, mo ń bá ọkàn mi ná ọjà. Ọkàn mi ní ẹ̀gbọ́n mi á dárí jì mí. Ó ní tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n á parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ó ní bí orúkọ mi bá bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ máa jẹ? Ọkàn mi ò wúkọ́, kò búra. Ó kàn ní kí n máa gbé e lọ.

Nígbà tí wọ́n pè wá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà wá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó jókòó síbi tó jìnnà sí ìyàwó ẹ̀. Ọ̀rá náà wà lórí tábìlì, ìbọ̀sẹ̀ yẹn hàn nínú ẹ̀.

Ẹ-má-bínú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, mádàámù. Mi ò tan ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti dá a padà rí. Ẹ bi àbúrò ẹ̀."

Mádàámù wò mí. "Ṣé ó sọ fún yín?"

"Ó sọ."

"Ṣé ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bó ṣe máa ń wo ojú abẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ ki òwú bọ̀ ọ́.

"Mo sọ fún un."

Kò pariwo. Kò ní "èmi kẹ̀?" Ọwọ́ ẹ̀ tó ń tún ìdí báàgì ṣe kàn dúró ni.

Ọkọ ẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bi í ní nǹkan kan?"

"Ẹ bi í."

Mo rò pé ìyàwó ẹ̀ ló fẹ́ kojú. Èmi ló kojú.

"Nígbà tí o sọ fún un, kí ló fi dá ọ lóhùn?"

Mi ò ro ìyẹn sílẹ̀. "Ó ní... ó ní kò burú. Ó ní ẹ ò lè mọ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn ún lẹ́yìn, ó dì mọ́ ọ̀pá. "Kò burú! Ẹ gbọ́ o, ìyàwó mi ní kò burú!" Ó yíjú sí mádàámù. "Obìnrin yìí tú ẹ̀wù oníbàárà palẹ̀, lẹ́yìn tí ìyẹn ti sanwó tán, torí apá kan fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ. Oníbàárà ní kò burú. Òun ní ó burú. Wọ́n fẹ́ jọ jà! Mò ń pariwo pé epo àtùpà ti tán, kó fi ìyókù sílẹ̀, kò dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn, mádàámù, kò sí lẹ́nu ẹ̀. Èmi tí mò ń fura sí òjìji ara mi, èyí dá mi lójú."

Ó wo ìyàwó ẹ̀. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Mo pè ọ́ lólè. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ó tún wò mí. "Ìwọ ló ń parọ́. Kí ló fún ọ?"

Ẹnu tí mo fi ń jẹun lẹ̀ pọ̀. Ẹ-má-bínú rí i pé mo fẹ́ já òun kulẹ̀, inú bí i.

"Ẹ bi í léèrè àga tó wà nílé ẹ̀!" Kò tiẹ̀ rántí fi ẹ má bínú sí i. "Aláwọ̀ ewé! Àbí mo fún un lásán ni?"

Mádàámù gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fún un ní àga?"

"Ẹ má bínú, ohun tí mò ń sọ ni pé..."

"Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ." Ó yíjú sí mi. "Ẹ fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, ta lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún? Ẹni tó ń rà ni, àbí ẹni tó ń tà?"

Mo mọ ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan máa ná mi. Bí mo bá ní ẹ̀gbọ́n mi ni, á jẹ́ pé ohun tí mo mọ̀, òun náà mọ̀ ọ́n lójú òfin, owó ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí mo bá ní ọlọ́jà ni, èmi ni mo lọ.

"Òun ni, mà. Ọlọ́jà ni. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá ó dáa, mo ní ó dáa. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Kò mọ̀."

Wọ́n ní kí Ẹ-má-bínú dá gbogbo owó padà, kó sì fi ọkọ̀ ara ẹ̀ wá kó igi ẹ̀. Àga aláwọ̀ ewé náà, mo ní kó wá gbé e. Ó gbé e.

Ọ̀rọ̀ yẹn dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù kí n tó délé. Àwọn tó ń pè mí dẹ́kun ìpè. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́ ẹ̀, mo kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. Ó ń ránṣọ lọ. Nígbà tó dé òpin ìlà, ó já òwú.

"Ṣé àga lo fẹ́?"

Mo tẹjú mọ́ àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Èmi tí mo rán gbogbo aṣọ tí o wọ̀ dàgbà. O ò lè ní, 'Àǹtí mi, mo fẹ́ àga'?"

Ó ki aṣọ mìíràn sábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ títí orúnkún mi fi kú, kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹni tí ẹ ń mú dání lọ sọ́jà bí ojú, ẹ bi í ta ló sanwó fún un. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ má sì jẹ́ kí ògiri kankan lé yín kúrò nídìí owó yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ ojú fún èèyàn, mi ò ní ọ̀rọ̀ fún yín. Ohun tí ojú tèmi rí láìpẹ́ yìí nìkan ni màá sọ.

Obìnrin kan tí kò tíì gbọ́ nípa mi ní kí n bá òun lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù. A wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi níwájú. Òun àti ọkọ ẹ̀ ni. Ó ń dojú àga dé, ó ń kan igi ẹ̀, ó ní kí ọkọ ẹ̀ jókòó, kó dìde, kó tún jókòó. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tó jẹ́.

Iye tí ọlọ́jà pè kọjá ààlà. Kí èèyàn kàn la ẹnu lásán, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ á wálẹ̀. Ahọ́n ń yún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó rí mi. Ọlọ́jà náà ń retí.

"Mà, ẹ ò ní ná an ni?"

Ojú ẹ̀ ò kúrò lára mi. "Rárá," ó ní. "Mo fẹ́ mọ iye tí mo rà á gan-an."

Ó san gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbé àga náà ń bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró tí mo dúró sí. Mo fara mọ́ ògiri, kí wọ́n lè ráyè kọjá.